Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tí Ń Fẹsẹ̀ Rin Ọ̀nà Nakasendō

Ọ̀nà Nakasendō ni ìjọba Tokugawa ṣètò ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún láti gba àárín àwọn òkè Jàpáànì so Edo, tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, pọ̀ mọ́ Kyoto. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 530, ìlú 69 sì ni a yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀ fún ìsinmi àwọn arìnrìn-àjò. Apá tí àwọn àlejò mọ̀ jù ni èyí tí ó wà ní àfonífojì Kiso, láti Magome dé Tsumago, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 8 lọ. Kíkúrú yìí gan-an ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Àṣìṣe tí ó burú jù lójú mi ni kí ènìyàn fún ìrìn náà mọ́ àárín ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wọ Tsumago ní ọ̀sán gangan nígbà tí èrò pọ̀ jù, yóò sì ti lọ kí ìgboro tó dá, kí ìlú tó padà sọ́wọ́ àwọn onílé. Lójú ọ̀nà, yóò ti sáré kọjá ilé tíì àtijọ́ tí ó wà nínú igbó, níbi tí àwọn aráàlú ti ń bu tíì fún arìnrìn-àjò láìdá iye lé e. Àdánù ńlá ni mo ka ìyẹn sí.

Ẹ sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé àlejò ibẹ̀, yàrá wọn kò pọ̀, wọ́n sì máa ń gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà. Ẹni tí ó bá pẹ́ ti da iṣẹ́ onílé rú, bóyá ni yóò sì rí ibòmíràn jẹun. Ẹ mú yẹ́ẹ̀nì, owó Jàpáànì, dání pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn ń wọ́ àpótí onítáyà gun òkè olókùúta Magome, nígbà tí ó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ìgbà òtútù, àwọn ọ́fíìsì tí ń tọ́ àlejò sọ́nà máa ń gba ẹrù láàárọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ìlú kejì. Ẹ tún ro ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Magome wà ní nǹkan bí mítà 600 sókè, Tsumago ní 420, ibi tí ọ̀nà ti ré orí òkè kọjá láàárín wọn sì tó 800, nítorí náà ẹni tí ó bá ti Tsumago gbéra ni yóò gun òkè jù.

Agogo tí a so sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹranko béárì, tí ó lè ṣe ènìyàn léṣe, wà nínú igbó yẹn. Ẹ lu agogo náà dáadáa kí ẹranko náà lè gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Bí òjò bá rọ̀, òkúta ilẹ̀ a máa yọ̀.

Ẹ má ṣe yọjú wo inú ilé onílé nítorí fọ́tò. Láti ọdún 1968 ni àwọn ará Tsumago ti bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ilé àtijọ́ wọn ṣe, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní tà wọ́n, àwọn kò ní fi wọ́n háyà, àwọn kò sì ní wó wọn. Àwọn ènìyàn ń gbé inú wọn títí di òní.

Àṣìṣe tí ó kù ni kí a rò pé apá yìí nìkan ni ọ̀nà náà ní. Ẹni tí ó bá ní ọjọ́ kan sí i lè rìn láti Yabuhara gba orí òkè Torii, tí ó tó mítà 1,197, sọ̀kalẹ̀ sí Narai, tí òpópónà rẹ̀ gùn tó nǹkan bí kìlómítà kan. Ibùdókọ̀ ojú irin wà ní ìlú méjèèjì.