Kí ímeèlì ẹgbẹ́ má bàa bọ́ sínú spam

Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ wa ní Kétu, èmi náà ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí kò bá rí ìwé ìpàdé ò ní wá, kò sì ní san owó ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ló ń sọ ọ́ sínú spam, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń da lẹ́tà tí wọ́n fura sí sí, wọ́n á máa yọ àmì ìyanu kúrò. Kò burú, àmọ́ ta ló kọ ọ́ ni Gmail kọ́kọ́ ń wádìí. Bí àdírẹ́sì yín bá wà lórí dómẹ́ènì tiyín (orúkọ tó máa ń wà lẹ́yìn @), bóyá èyí tó parí sí .bj, ẹ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ẹ wọlé síbi tí ẹ ti ra dómẹ́ènì, ẹ wá DNS, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ ètò dómẹ́ènì sí. SPF ló ń sọ ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ yín. Bó bá jẹ́ Google ló ń bá yín gbé e, ìlà TXT (ìlà ọ̀rọ̀ lásán) yìí ni kí ẹ fi síbẹ̀:

v=spf1 include:_spf.google.com ~all

Ìlà kan ṣoṣo ni o! Bí ẹ bá tún ń lo iléeṣẹ́ mìíràn, inú ìlà yẹn náà ni include tiwọn máa wọ̀. Bí SPF bá di méjì lórí dómẹ́ènì kan, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́. DKIM jẹ́ èdìdì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà yín ló máa fún yín ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ máa fi sí DNS. Lẹ́yìn náà ni DMARC, tó ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí lẹ́tà tí kò bá yege: ẹ ṣí ìlà TXT mìíràn lábẹ́ orúkọ _dmarc, ẹ kọ èyí sí i:

v=DMARC1; p=none

Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail ní kí gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gmail ní SPF tàbí DKIM. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ síbẹ̀ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ wa ò sún mọ́ iye yẹn, síbẹ̀ mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ lẹ́tà sí Gmail ara yín, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì kékeré tó rí bí àmì ìdánudúró mẹ́ta tó tò léra, lápá ọ̀tún, kí ẹ yan «Afficher l'original». PASS (ó yege) ló yẹ kí ẹ rí níwájú SPF, DKIM àti DMARC.

Ẹ yọ àdírẹ́sì tó ti kú kúrò. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ lẹ́tà mọ́, ẹ tètè yọ ọ́, kó má bàa tẹ «Signaler comme spam». Ní ti àwọn àgbà, mo máa ń bẹ ọmọ wọn kó wá lẹ́tà wa nínú spam, kó sì tẹ «Non-spam».