Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Níbi Ìpàgọ́ Òpin Ọ̀sẹ̀ Àwọn Tí Ń Rán Kúílìtì

Ìpàgọ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn tí ń rán kúílìtì (aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ rán pọ̀) máa ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń kóra jọ láti ránṣọ, kì í pẹ́ rárá. Ẹni tí ó bá dé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì palẹ̀ mọ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wákàtí 43 péré ni ó ní, oorun àti oúnjẹ yóò sì mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí ẹni tí ó ti san owó fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ bá lo ìdajì rẹ̀ fún ohun tí ó yẹ kí ó ti ṣe parí nílé.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù ni kí á kó odidi aṣọ tí a kò tíì gé wá sí ìpàgọ́. Tábìlì ìgéṣọ ibẹ̀ jẹ́ ti gbogbogbò, ènìyàn a sì máa tò síbẹ̀. Ẹ ti ilé fọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí, pàápàá èyí tí ó pupa, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ gé e, kí ẹ sì di ègé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìlànà rẹ̀. Iṣẹ́ méjì tó. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí ó rọrùn, tí ọwọ́ lè máa ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ láàárín ẹni àti ojúgbà ẹni.

Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ kò tíì fi rán nǹkan kan rí wá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe gbé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe dé láì tíì dán an wò. Okùn iná àti pẹ́dà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rọrùn láti gbàgbé sílé, pẹ́dà ẹ̀rọ kan kì í sì í sábà bá òmíràn mu. Yíyá odidi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà ní ewu tirẹ̀. Etí aṣọ tí ojú ìrán kúílìtì ń gbà sábà máa ń jẹ́ ìdámẹ́rin íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà, ẹ̀rọ méjì kì í sì í sábà wọ̀n ọ́n bákan náà. Bí ẹ bá rán ègé 12 pọ̀ ní ìlà kan, ojú ìrán 11 ni yóò wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ẹ yá bá fi mìlímítà kan péré jẹ aṣọ ju tiyín lọ, méjì ni yóò jẹ ní ojú ìrán kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ègé méjèèjì ni ó ń jẹ, ìlà náà yóò sì fi mìlímítà 22 kúrú ju èyí tí ẹ rán nílé lọ. Ẹ kó abẹ́rẹ́ tuntun dání pẹ̀lú, nítorí pé ó yẹ kí a pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ tí ó ti ń rán.

Ní ti ẹni tí ó ń ṣètò, ọ̀rọ̀ iná ni kò gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wò. Olùṣètò a máa ka ẹ̀rọ ìránṣọ, a sì gbàgbé áyọ́ọ̀nù, nígbà tí ó jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù gan-an ni ó ń mu iná. Nǹkan bíi 100 wáàtì ni ẹ̀rọ ìránṣọ inú ilé sábà máa ń mu, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù kan lè mu 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 120 fólítì, tí bùrékà (ohun tí ń gé iná bí ó bá pọ̀ jù) sì jẹ́ 15 áńpì, 1,800 wáàtì ni gbogbo ohun tí ìlà iná kan lè gbé. Áyọ́ọ̀nù méjì lórí ìlà bẹ́ẹ̀ yóò já bùrékà, ẹ̀rọ gbogbo àwọn tí ó jókòó sí ìhà ibẹ̀ yóò sì kú. Kí olùṣètò lọ wo yàrá náà fúnra rẹ̀ kí ó tó san àsansílẹ̀, kí ó béèrè iye ìlà iná tí ó wọ inú rẹ̀, kí ó sì ya áyọ́ọ̀nù sọ́tọ̀ sórí ìlà tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a so okùn onísọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ kan mọ́ òmíràn, nítorí pé ó lè gbóná títí tí yóò fi gbiná.

Àṣìṣe mìíràn ni fífi ènìyàn méjì sí tábìlì kan kí owó lè pọ̀ sí i, tàbí fífi ẹ̀kọ́ àti eré kún gbogbo wákàtí. Àyè láti rán aṣọ láìsí ìdíwọ́ ni àwọn ènìyàn wá fún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé aṣọ lóru nígbà tí oorun ti ń kùn ún. Ọ̀bẹ olójú róbótó tí a fi ń géṣọ mú bí abẹ, ó sì yẹ kí a pa ojú rẹ̀ dé ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e sílẹ̀. Ojú ìrán tí ó wọ́ ṣeé tú, ṣùgbọ́n aṣọ tí a gé kúrú ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí olùṣètò tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ọjọ́ tí ẹni tí kò lè wá mọ́ ṣì lè gba owó rẹ̀ padà, àti bóyá ó lè fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ sì béèrè ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, ẹni tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu, àti ẹni tí ó máa ń hanrun, kí a lè pín yàrá bí ó ti yẹ.