Bàtà Ìsáré Tí Ìsàlẹ̀ Rẹ̀ Fẹ́lẹ́: Bí A Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Sí Wọ̀ Ọ́ Láìpa Ẹsẹ̀ Lára

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn àgbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ìdílé ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè àti agbègbè wọn, tí wọ́n máa ń sáré ìdárayá ní ìdájí, tí wọ́n sì fẹ́ fi bàtà ìsáré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn sílẹ̀ kí wọ́n lè máa lo èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. A máa ń rí irú bàtà bẹ́ẹ̀ láàárín òkìrìkà, níbi tí kò ti sí ìwé àlàyé kankan tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tó rà á. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí bàtà náà mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di imú rẹ̀ mú, kí ẹ sì ká a. Bí ó bá ká wẹ́rẹ́, tí ìdí rẹ̀ kò sì ga ju iwájú lọ nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, òun náà nìyẹn. Òmíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n rán ilé ọmọ ìka márààrún sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìbọ̀wọ́.

A kò sọ pé bàtà náà kò dára. Ó bá àwọn kan lára mu, pàápàá àwọn tí orúnkún máa ń dùn bí wọ́n bá sáré. Ìkánjú ni ó ń pa ẹsẹ̀ lára, nítorí pé èémí ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ́ eré sísá, iṣan a tẹ̀lé e, eegun ni ó sì máa ń kẹ́yìn.

Ohun tí ó ń yí padà nínú ẹsẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ bàtà ìsáré tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí bàtà máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 12 ga ju iwájú lọ, fóòmù sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wọ̀ ọ́ fi máa ń kọ́kọ́ fi gìgísẹ̀ balẹ̀. Bí fóòmù náà bá kúrò, gìgísẹ̀ kì í fẹ́ gbá ilẹ̀ ní tààrà mọ́. Ìṣísẹ̀ a kúrú, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀ ṣáájú. Ẹrù tí orúnkún ń gbé tẹ́lẹ̀ yóò wá bọ́ sórí ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun, sórí iṣan ńlá tó so ẹran náà mọ́ gìgísẹ̀, àti sórí eegun gígùn márùn-ún tó wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka. Ẹrù náà kò dín kù rárá, orí ni ó pààrọ̀.

Ohun alààyè ni eegun. Bí ẹrù tó ń gbé bá pọ̀ sí i, ara yóò kọ́kọ́ wó èyí tó ti gbó nínú rẹ̀ kí ó tó mọ tuntun sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí iṣẹ́ náà sì fi ń lọ lọ́wọ́, eegun náà kì í le tó bí ó ṣe le tẹ́lẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ẹni tó ń sáré máa ń rò pé bàtà náà ti mọ́ òun lára, nítorí pé ẹ̀yìn ojúgun tó ń ro ó ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ti dákẹ́, ni yóò bá tún fi kìlómítà kún un. Nínú eegun gígùn márùn-ún náà, èyí tó wà nídìí ọmọ ìka kejì tàbí ìkẹta ni ó sábà máa ń sán. Kì í kán pátápátá, ńṣe ni ó máa ń sán tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, àwọn sárésáré 19 fi ọ̀sẹ̀ 10 kọ́ wíwọ bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ya ẹsẹ̀ wọn, 10 nínú wọn ni inú eegun wọn ti ń fi àmì wàhálà hàn ju ti ìṣáájú lọ.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí ẹsẹ̀ lásán la fi dàgbà?” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n fífi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú àgbàlá àti lójú ọ̀nà oko yàtọ̀ sí fífi ẹsẹ̀ kan náà sá kìlómítà márùn-ún lórí títì ọlọ́dà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi ogún ọdún wọ bàtà gìrìwò. Lóòótọ́, Abebe Bikila ará Etiópíà fi ẹsẹ̀ lásán gba góòlù eré ọlọ́nà jíjìn ní Róòmù ní ọdún 1960. Àwọn tó ń fi í ṣe àpẹẹrẹ kì í sábà rántí pé bàtà ni ó wọ̀ ní Tokyo ní 1964, góòlù náà ni ó sì tún gbà.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fi bàtà náà sáré rárá. Ẹ máa wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé àti ládùúgbò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè máa fi sáré lórí pápá ilé-ìwé tàbí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó má ju kìlómítà kan lọ, kí ọjọ́ kan sì máa dá sí i láàárín. Bí ẹ bá fẹ́ sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàtà àtijọ́ ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ẹ má tíì fi ta ọmọ àbúrò lọ́rẹ. Ohun tí ẹ óò máa fi kún un kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù fún gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn a sì tún lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ti ọ̀nà Ìdànrè sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn.

Àgbẹ̀ ní ìṣirò kan láti ṣe tí ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì kò ní. Ẹsẹ̀ tó fi gbogbo ọjọ́ kọ ebè, tàbí tó gbé àpò kọ́kọ́ láti oko dé etí títì, ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, eegun kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrù oko àti eré ìdárayá. Ẹ má fi bàtà tuntun sáré ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ lọ sí oko: kùkùté, ẹ̀gún àti ejò kò ṣe é fi ojú kéré, bàtà òjò ni ti oko.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kú tipiri, kò gbọ́dọ̀ wọ irú bàtà yìí sáré, nítorí pé òkúta lè gún un kí ó má mọ̀. Kí ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán rí, àti ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, rí dókítà ná.

Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn

Ríro ẹ̀yìn ojúgun lápá méjèèjì fún ọjọ́ kan tàbí méjì kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni ó ń gan ní òwúrọ̀, tàbí tí abẹ́ gìgísẹ̀ ń ta yín bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ padà sí bàtà àtijọ́, kí ẹ sì dín eré kù.

Ti eegun ni ó yẹ kí a fura sí jù. Ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka kejì lọ sókè síhà ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta àti àwọn yòókù. Bí ojú kan ṣoṣo bá wà tí ó ń dùn yín wọnú, tí ibẹ̀ sì wú díẹ̀, tàbí tí ìrora náà ń le sí i bí ẹ bá ṣe ń sáré dípò kí ó rọlẹ̀, ẹ dáwọ́ eré dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ tàbí kí ó fà á. Eegun tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ kán. Ẹ má sì lo oògùn ìrora kí ẹ lè rí eré sá. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì lọ sí ilé-ìwòsàn.

X-ray lè má fi nǹkan kan hàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwòrán mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tí ojú kan náà ṣì ń dùn yín, ẹ padà lọ. Eegun gígùn tó wà nídìí ọmọ ìka kejì àti ìkẹta sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 bí a bá sinmi. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde, nídìí ọmọ ìka kékeré, máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí dókítà eegun mójú tó o. Ìgbà tí ẹ bá ti lè rìn dáadáa láìtiro, tí ẹ sì tẹ ojú ibẹ̀ tí kò dùn yín mọ́, ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí sáré padà: bàtà àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ èyí tó fẹ́lẹ́ láti orí rírìn nínú ilé.