Àyẹ̀wò tó yẹ kí aláìsàn tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì
Kí ẹ tó gbé bàbá àgbàlagbà dìde ní wọ́ọ̀dù ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó lajú fúnra rẹ̀, tí ó sì mọ ibi tí ó wà. Òṣùwọ̀n Glasgow, tí a fi ń wọn bí ọpọlọ aláìsàn ṣe jí sí, láti 3 dé 15, ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá fi 2 wálẹ̀, ẹ pe dókítà. Ẹ ní kí ó di ọwọ́ yín méjèèjì mú ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára. Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ tún un wọ̀n nígbà tí ó bá ti dúró fún ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè ìfúnpá náà bá fi 20 wálẹ̀, ẹ dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹbí tí ó ń sùn tì í kò gbọdọ̀ dá a gbé lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru.