Bí A Ṣe Ń Wọn Ìyára Ikọ̀ Aláàbò Nígbà Tí Olè Bá Wọ Kọ̀ǹpútà Ilé-Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara rẹ̀ nínú, nítorí pé iye ọjọ́ tí olè fi ṣe tirẹ̀ kí ọjọ́ olóhun tó pé gan-an ni a ó fi dá iṣẹ́ rẹ̀ wò. Òǹkà méjì ni wọ́n ń lò fún un. MTTD (mean time to detect) ni ìpíndọ́gba àkókò láti ìgbà tí olè wọlé títí di ìgbà tí a rí i. MTTR (mean time to respond) sì ń kà láti ìgbà tí a rí i títí di ìgbà tí a ká a lọ́wọ́ kò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ka MTTR parí sí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìkìlọ̀, àwọn mìíràn sì ń kà á títí iṣẹ́ fi padà bọ̀ sípò. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà láàárín ọdún.

Fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àkókò mẹ́fà sórí ìlà kan nínú Excel: ìgbà tí olè wọlé, ìgbà tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jáde, ìgbà tí ẹnì kan yẹ ìkìlọ̀ náà wò, ìgbà tí ó dá wa lójú pé òótọ́ ni, ìgbà tí a ti ọ̀nà mọ́ olè, àti ìgbà tí iṣẹ́ padà bọ̀ sípò. Aago kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn yòókù, ń kọ àkókò ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, aago ara ògiri ní Èkó sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ tí a ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di àádọ́rin ìṣẹ́jú nínú ìwé.

Àkókò ìwọlé ló le jù láti mọ̀, nítorí pé olè kì í kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ ni a ó tó padà lọ tú àkọsílẹ̀ sáfà, tí a ó máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni àkọsílẹ̀ fi ń wà kí ó tó parẹ́, tí olè sì ti wọlé láti oṣù mẹ́ta, irọ́ ni ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìwé yóò gbé jáde; ẹ kọ “ó kéré tán” síwájú rẹ̀.

Ẹ wo Equifax, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni wọ́n kéde àlébù kan nínú Apache Struts, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ ojúlé orí ayélujára, pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ojúlé Equifax kan tí àwọn ènìyàn ti ń mú àríyànjiyàn wá lórí àkọsílẹ̀ wọn kò rí àtúnṣe náà gbà. Àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ni a tó rí wọn, ọjọ́ 77 lẹ́yìn náà, nígbà tí dátà àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 147 ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ojúlé náà pa. Bí MTTR nìkan ni a bá wò, akọni ni ikọ̀ yẹn. MTTD ló tú àṣírí: ìwé-ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ tí ń yẹ dátà wò lójú ọ̀nà fi ń ṣiṣẹ́ ti kọjá ọjọ́, ẹ̀rọ náà kò sì ríran mọ́, kété tí wọ́n sọ ìwé-ẹ̀rí náà dọ̀tun ni ó rí olè.

Nípa ìṣírò, ẹ ṣọ́ra fún ìpíndọ́gba. Ká ní ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún gba wákàtí 2, 3, 3, 4 àti 720 kí a tó rí wọn: ìpíndọ́gba wọn jẹ́ bíi wákàtí 146, èyí tí kò jọ ìkankan nínú wọn. Èyí tó wà láàárín, wákàtí 3, ni kí ẹ gbé síwájú ọ̀gá, pẹ̀lú èyí tó gùn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ka ìkìlọ̀ òfegè mọ́ ọn rárá. Wọn kì í pẹ́ parí, wọ́n sì ń mú kí ọ̀lẹ dà bí akíkanjú. Ẹ tún kọ ẹni tó kọ́kọ́ rí olè sílẹ̀, nítorí pé bí ó bá jẹ́ oníbàárà ló pè yín, kì í ṣe ikọ̀ yín ló rí i.

Àkókò tí ó dá wa lójú pé òótọ́ ni tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72, láti ìgbà tí ó bá ti mọ̀, láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí bí dátà tó bọ́ sọ́wọ́ olè bá lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá.

Bí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kò bá tó fún ìṣírò, kí ọ̀gá ikọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìkọlù ìdánwò tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí, ní alẹ́ Sátidé, kí ó má sì sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn nìkan ni ìkọlù tí a ti mọ ìṣẹ́jú tí ó bẹ̀rẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.