Àdúrà Ilé Oníṣẹ́jú Mẹ́wàá Pẹ̀lú Katikísímù Kékeré Luther

Ilé tí bàbá ti ń lọ wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú láago márùn-ún ìdájí, tí ìyá sì ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kiri, àdúrà oníwákàtí kan kì í tọ́jọ́ níbẹ̀. Ẹ óò ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò wá di ti ọjọ́ Sátidé nìkan, kò ní pẹ́ tí kò ní sí mọ́. Èyí tó máa ń tọ́jọ́ ni èyí tó kúrú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà, tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè kà lórí nígbà tí iná bá lọ. Irú rẹ̀ ni Martin Luther, ará Jámánì tí ìjọ Lutheran ti ṣẹ̀, fi sínú Katikísímù Kékeré, ìwé pẹlẹbẹ ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìgbàgbọ́ tó tẹ̀ jáde ní 1529. Ó kọ ọ́ sórí àwọn abala rẹ̀ pé báyìí ni kí olórí ilé ṣe kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Kò ní kí wọ́n dúró de pásítọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ sì wà lára àwọn ará ilé tó ń wí, nítorí náà ẹ má gbàdúrà ní pálọ̀ kí òun máa fọ abọ́ ní kíṣìnnì.

Abala mẹ́fà ni ìwé náà ní. Mẹ́ta ti wà lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀: Òfin Mẹ́wàá tó wà nínú Ẹ́kísódù 20, Ìgbàgbọ́ àwọn Àpósítélì, àti Àdúrà Olúwa tó wà nínú Mátíù 6. Mẹ́ta tó kù ni Ìrìbọmi, Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan bí ẹ ó ṣe máa sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lé e lọ́dọọdún. Luther fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ó ní báyìí lónìí, bọ́hùn-ún lọ́la máa ń da ọmọdé rú. Bí ìyá bá ń wí pé “kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ”, tí bàbá ń wí pé “kí orúkọ rẹ di mímọ́”, ńṣe ni ọmọ yóò dákẹ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

Ti èdè náà wà níbẹ̀. Ìjọ Lutheran kan bẹ̀rẹ̀ láti Numan ní Adamawa ní 1913, òmíràn láti Ibesikpo lọ́dọ̀ àwọn Ibibio ní 1936, nítorí náà ẹ óò rí ilé Lutheran ní Èkó tí ìyá jẹ́ ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó, tí bàbá sì wá láti Uyo. Ẹ má ṣe pa èdè kankan tì. Ẹ fi Yorùbá ka Ìgbàgbọ́, kí àdúrà oúnjẹ wà ní èdè bàbá, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni iye òfin. Luther ka “ìwọ kò gbọdọ̀ ní ọlọ́run mìíràn” mọ́ ọ̀rọ̀ ère gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní, ó wá pín ojúkòkòrò sí méjì nísàlẹ̀: ilé ẹnikejì nínú ìkẹsàn-án, aya rẹ̀ àti ohun tó kù nínú ìkẹwàá. Bí àwọn Àgùdà náà ṣe ń kà á nìyẹn, àfi pé aya ẹnikejì ni wọ́n fi sínú ìkẹsàn-án, ohun ìní rẹ̀ sì wà nínú ìkẹwàá. Àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ya ọ̀rọ̀ ère sọ́tọ̀ bí òfin kejì. Torí bẹ́ẹ̀, “ìwọ kò gbọdọ̀ jalè” jẹ́ ìkeje nílé yín, ó jẹ́ ìkẹjọ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé. Ẹ sọ fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀, kó dáhùn bí ìwé iléèwé ṣe wí nígbà ìdánwò. Ọ̀rọ̀ Bíbélì kan náà ni, kò yẹ kó gba òdo lé e.

Ní àárọ̀, gbogbo ilé dúró tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀. Ẹ fi àmì àgbélébùú sára, ẹ wí pé, “Ní orúkọ Ọlọ́run Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, Àmín.” Aládùúgbò lè béèrè bóyá ẹ ti di Àgùdà, Luther ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka Ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa, kí ẹ wá gba èyí:

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Baba mi ọ̀run, nípasẹ̀ Jésù Kristi, Ọmọ rẹ ọ̀wọ́n, pé o pa mí mọ́ ní òru yìí kúrò nínú gbogbo ibi àti ewu. Mo bẹ̀ ọ́, pa mí mọ́ lónìí pẹ̀lú kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ àti ibi gbogbo, kí gbogbo ìṣe mi àti ìgbé ayé mi lè dùn mọ́ ọ nínú. Nítorí ọwọ́ rẹ ni mo fi ara mi lé, ara àti ọkàn mi àti ohun gbogbo. Jẹ́ kí áńgẹ́lì mímọ́ rẹ wà pẹ̀lú mi, kí ọ̀tá burúkú nì má baà lágbára lórí mi. Àmín.”

Ó tán. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ óò rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀tá gbà nínú rẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé ọ̀tá títí ilẹ̀ fi mọ́, yóò dà bíi pé kò tó, yóò sì máa wu olórí ilé láti fi ti ara rẹ̀ kún un. Kó má fi kún un. Ẹni tó ti fi ara, ọkàn àti ohun gbogbo lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ló kù tó fẹ́ máa pariwo lé lórí? Luther ní kí èèyàn kọ orin, kó sì fi ayọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Alẹ́ ni ti ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú méje sì tó o. Ẹ mú apá kan fún ọ̀sẹ̀ kan: òfin mẹ́wàá àti ọ̀rọ̀ ìparí wọn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 11, Ìgbàgbọ́ 3, Àdúrà Olúwa pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àti Àmín rẹ̀ 9, Ìrìbọmi 4, Ìjẹ́wọ́ 3, Oúnjẹ Alẹ́ 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34, ọ̀sẹ̀ tó kù nínú ọdún wà fún Kérésìmesì, Ọjọ́ Àjíǹde, ìrìn àjò àti àìsàn.

Bí ẹ ó ṣe lò ó wà nínú lẹ́tà tí Luther kọ ní 1535 sí Peter, onígbàjámọ̀ rẹ̀ ní Wittenberg, tó béèrè bí èèyàn ṣe ń gbàdúrà. Ó ní kí a mú òfin kan, kí a fi okùn mẹ́rin lọ́ ọ: ẹ̀kọ́, ọpẹ́, ìjẹ́wọ́, ẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú òfin keje. Àlàyé inú katikísímù ni pé kí a má gba owó tàbí ohun ìní ẹnikejì, kí a má fi ọjà èké tàbí èrú gbà á, kí a sì ràn án lọ́wọ́ kí ohun ìní àti iṣẹ́ rẹ̀ lè gbèrú. Ẹ̀kọ́: olè kì í ṣe ẹni tó fo ògiri nìkan, kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú ní ọjà Mushin wà nínú ẹ̀, àti owó oṣù ọmọ iṣẹ́ tí a kò san. Ọpẹ́: pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà bí a ṣe tì í lálẹ́ àná, pé ọlọ́dẹ àdúgbò kò sùn. Ìjẹ́wọ́: kí olúkúlùkù rántí tirẹ̀ nínú ọkàn, ẹ má fipá mú ọmọ sọ ọ́ síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Ẹ̀bẹ̀: kí Ọlọ́run fún wa lọ́wọ́ tó mọ́, kó sì bù kún ọjà aládùúgbò wa, títí kan ẹni tó ń ta irú ọjà tí a ń tà.

Okùn kìíní ló máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ibẹ̀ ni olórí ilé ti ń di oníwàásù. Gbólóhùn méjì tó. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ kó parí kí ẹ tó tún un ṣe.

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lè lo Àdúrà Olúwa lọ́nà. Ẹ̀bẹ̀ méje ló ní, láti Maryland sí Jibowu sì rèé, ibùdókọ̀ méje wà tí ẹ lè dì í mọ́: Maryland, Anthony, Ọbanikoro, Palmgrove, Onípanu, Fadeyi, Jibowu. Òfin kọ́, ìrántí lásán ni. Oúnjẹ òòjọ́ yóò bọ́ sí Palmgrove, Luther sì ka aṣọ, bàtà, ilé, ìjọba rere, ojú ọjọ́ tó dára àti aládùúgbò olóòótọ́ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ kò ní wá ohun tí ẹ ó sọ tì. Orí ni kí ẹ ti kà á; fóònù tí ẹ bá gbé sókè lẹ́bàá fèrèsé danfo nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹlòmíràn lè mú un lọ. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò. Luther sọ fún Peter pé onígbàjámọ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò sí lára abẹ lè gé imú oníbàárà.

Ẹni tó bá dé láago mọ́kànlá kó má jí ọmọ. Kó dá gba ti alẹ́, tó rí bíi ti àárọ̀, àfi pé a ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ náà, kó sì sùn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, ẹ má san án bíi gbèsè. Apá tó kan ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹ bọ́ sí.