Ẹ Má Ra Wẹ́ẹ̀jì Lórí Kápẹ́ẹ̀tì

Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé tí mo ti ń jẹun nídìí gọ́ọ̀fù n'Ìbàdàn. Báàgì ni mo kọ́kọ́ ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe kádì kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní kóòṣì. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí mo ń kọ́ ni: “Kóòṣì, wẹ́ẹ̀jì wo ni kí n rà?” Wẹ́ẹ̀jì ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù tí ojú rẹ̀ dẹ̀yìn gan-an, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè nígbà tí ihò ò bá jìnnà mọ́. Mi ò kì í dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan fún wọn. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n padà ni pé, “Èyí tó wù yín yẹn, orí kí lẹ ti gbá a wò?” Ọ̀pọ̀ á ní inú ṣọ́ọ̀bù ni, lórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, tí nẹ́ẹ̀tì wà níwájú wọn níbi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Kápẹ́ẹ̀tì a máa purọ́ fún èèyàn. Bí ọ̀pá yín bá balẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kápẹ́ẹ̀tì á jẹ́ kó yọ̀ lọ síwájú, bọ́ọ̀lù á fò, inú yín á dùn. Lórí ilẹ̀ gidi, ọ̀pá yẹn ti wọlẹ̀ lọ.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rówó ra wẹ́ẹ̀jì tuntun, onídígírì 60 ni mo rà, bounce rẹ̀ jẹ́ 4 (màá sọ ìtumọ̀ ẹ̀ láìpẹ́), torí pé mo rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ògbóǹtarìgì kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ṣọ́ọ̀bù, oyin ni. Oṣù keje la wà, òjò sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ihò kẹrin, bọ́ọ̀lù mi kù bí ogún ìṣísẹ̀ kó dé gíríìnì, ìyẹn ojú koríko kúkúrú tí ihò wà, kò sí wàhálà kankan láàárín. Mo gbá a. Ọ̀pá wọ inú ẹrẹ̀ bí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, òkìtì ilẹ̀ kan fò kọjá orí bọ́ọ̀lù, ó lọ bà sára ṣòkòtò funfun bàbá tí a jọ ń gbá. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ò rìn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Bàbá wo ṣòkòtò wọn, wọ́n wo èmi náà, wọ́n ní, “Ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn ni?”

Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà ní nọ́ńbà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ wẹ́ẹ̀jì, ẹ máa rí nǹkan bíi 56 àti 12. 56 ni loft, ìyẹn bí ojú ọ̀pá ṣe dẹ̀yìn tó. Òun ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ga. 12 ni bounce, ìyẹn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pá ṣe yọ sísàlẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ gbé wẹ́ẹ̀jì náà lé orí táìsì, kí igi rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ẹ wá ki káàdì ATM bọ abẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí bounce bá jẹ́ 4, agbára káká ni káàdì kan fi máa wọlé. Bó bá jẹ́ 14, ẹ lè to bíi mẹ́ta léra wọn. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń pinnu bóyá ọ̀pá máa rì tàbí ó máa yọ̀. Wẹ́ẹ̀jì tí bounce rẹ̀ kéré, ọkọ́ ni, ẹnu ló fi ń kan ilẹ̀. Èyí tí bounce rẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni, ikùn ló fi ń lọ.

Gene Sarazen, ògbóǹtarìgì nínú gọ́ọ̀fù, ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ìwúlò ikùn yìí. Ó yọ́ irin mọ́ ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ kó má baà máa rì sínú yanrìn mọ́, ó gbé e lọ sí ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n ń pè ní Open, ní pápá Prince's, lẹ́bàá ìlú Sandwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1932, ó sì gba ife ẹ̀yẹ bọ̀.

Ìṣòro tiwa níbí ni pé pápá kan náà, ilẹ̀ méjì ni. Nígbà òjò, ilẹ̀ rọ̀, koríko kún, ọ̀pá tó bá dà bí ọkọ́ á máa rì. Tí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ á le bíi simẹ́ńtì. Ẹni tó bá gbé bounce 14 síbẹ̀, ikùn ọ̀pá á ta sókè lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹnu irin á gbá bọ́ọ̀lù láàárín ikùn, bọ́ọ̀lù á sì sáré kọjá gíríìnì bọ́ sínú igbó. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan lowó yín ká, ẹ wá èyí tí bounce rẹ̀ wà láàárín 8 sí 10. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ má ra àwọn tí bounce wọn jọra. Èyí tí loft rẹ̀ kéré nínú wọn ni kó ní bounce púpọ̀ fún ẹrẹ̀ àti bọ́ńkà, ìyẹn kòtò yanrìn; kí èkejì ní díẹ̀ fún ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn. Kóòṣì mìíràn lè sọ tirẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ nìkan, ọwọ́ yín náà wà ńbẹ̀. Ẹ mú máákà tí wọ́n fi ń kọ bọ́ọ̀dù funfun, ẹ fi kun gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ wẹ́ẹ̀jì, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún níbi tí koríko ò ti pọ̀. Ẹ wá yí i wò. Bí tàdáwà bá ha lẹ́bàá ẹnu ọ̀pá, ẹ̀ ń gbá a wọlẹ̀ nìyẹn, bounce púpọ̀ ló máa gbà yín. Bó bá jẹ́ àárín tàbí apá ẹ̀yìn ló ha, ọwọ́ yín fúyẹ́, bounce kékeré ò ní pa yín lára. Bó bá wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ha, ìdúró ọ̀pá yẹn ò bá gíga yín mu; ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó bá irin jà.

Ti loft ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí iye dígírì tí pitching wedge, wẹ́ẹ̀jì tó máa ń bá àwọn irin yòókù wá, tó wà nínú báàgì yín jẹ́. Ti àtijọ́ a máa tó 47 tàbí 48. Ọ̀pọ̀ ti ìsinsìnyí ti bọ́ sí 44, òmíràn ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ máa fo dígírì mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 44 tó lọ ra 56 ti gbẹ́ kòtò ńlá sáàárín báàgì rẹ̀. Ibi kan á wà tó jìn jù fún 56, tí kò sì jìn tó fún 44. Ẹ sì rántí pé ọ̀pá 14 ni òfin gbà.

Ó wá ku spin, tí gbogbo èèyàn ń torí ẹ̀ náwó. Spin ni bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí sẹ́yìn lójú òfuurufú, tó fi jẹ́ pé bó bá balẹ̀, dípò kó sáré, á fò lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sójú ọ̀pá ò ní eyín tí wọ́n fi ń di bọ́ọ̀lù mú o, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Iṣẹ́ ojú táyà mọ́tò ni wọ́n ń ṣe: omi àti oje koríko tó bá há sáàárín irin àti bọ́ọ̀lù, inú ìlà ló ń sá sí, kí irin lè rí bọ́ọ̀lù mú. Ìdí nìyẹn tí wẹ́ẹ̀jì tuntun àti èyí tó ti gbó fi lè jọra lọ́sàn-án gangan, àmọ́ tí ìyàtọ̀ wọn á hàn nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀.

Bí mo ṣe ń dán an wò rèé. Mo máa ń ra píọ̀ wọ́tà méjì dání. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta ní gbígbẹ sí gíríìnì láti ogójì yáàdì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ ta omi sójú ọ̀pá àti sára bọ́ọ̀lù, kí ẹ gbá mẹ́ta mìíràn. Gbogbo wẹ́ẹ̀jì ló máa pàdánù spin bó bá tutù; bọ́ọ̀lù á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì sáré bó bá balẹ̀. Èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré jù láàárín gbígbẹ àti tútù ni kí ẹ fojú sí.

Bọ́ọ̀lù tí ẹ fi ń gbá gan-an ni kí ẹ fi dán an wò. Bọ́ọ̀lù tí èèpo rẹ̀ jẹ́ urethane, irú ike kan, rọ̀ díẹ̀, ojú irin máa ń rí i mú. Bọ́ọ̀lù líle olówó pọ́ọ́kú ò mọ̀ bóyá wẹ́ẹ̀jì yín jẹ́ tuntun. Mo ti rí ẹni tó ná owó gọbọi lórí ọ̀pá, tó wá ń fi bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọdé yọ nínú odò gbá a. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbá ní àwọn pápá wa tí kò ní gíríìnì, tó jẹ́ brown, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo, ẹ má wulẹ̀ náwó spin rárá. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń ba spin jẹ́ ni ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan ojú ọ̀pá. Ẹ fi pọ́dà ọmọ ọwọ́ pa á lójú fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gbá a, kí ẹ wo àpá rẹ̀. Àpá tó bá wà lápá ìsàlẹ̀, níbi ìlà kẹta sí ìkarùn-ún, ìyẹn ló dáa: bọ́ọ̀lù ò ní ga púpọ̀, á sì dúró. Èyí tó bá wà lókè á fò bíi lékeléke, kò ní dúró. Bí wẹ́ẹ̀jì kan bá ń fi àpá sókè ṣáá lọ́wọ́ yín nígbà tí òmíràn ń fi sísàlẹ̀, ẹ ti ríran nìyẹn. Ẹ nu pọ́dà kúrò o kí ẹ tó padà sídìí ìdánwò spin, torí òun náà ń jẹ́ kó yọ̀.

Nígbà tí ọ̀gá mi kan, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ra tirẹ̀, mẹ́ta la yá lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́: 54 tí bounce rẹ̀ jẹ́ 12, 56 tó jẹ́ 8, àti 58 tó jẹ́ 6. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ a ò gbá mẹ́sàn-án pọ̀ léra. Mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kí àárẹ̀ má baà bọ́ sórí ẹyọ kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dúró, màá lọ síbi àpá tó dá sílẹ̀, màá fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tó rìn, ẹnjiníà á kọ ọ́ sínú ìwé. Bọ́ọ̀lù karùn-ún tí wọ́n fi 58 gbá fò lẹ́ẹ̀kan, ó padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Wọ́n pariwo.

“Kóòṣì, o ò rí i ni? Èyí ni mo máa rà!”

“Mo rí i, sà. Ẹ jẹ́ ká ka àwọn mẹ́jọ tó kù.”

Nínú mẹ́jọ tó kù, méjì ò dé gíríìnì, ọ̀kan sá kọjá rẹ̀, àwọn yòókù fọ́n káàkiri. Ti 54 ò ní ariwo kankan nínú: gbogbo rẹ̀ ló dé gíríìnì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rìn lẹ́yìn tó balẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ bá mọ iye tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa sáré, ìyẹn ló ń gbọ́ tiyín, kódà bó bá sáré ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ ya bọ́ọ̀lù tó dáa jù àti èyí tó burú jù sọ́tọ̀, kí ẹ wo èyí tó kù láàárín.

Ẹ̀yin tó jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi èékánná fa ojú ọ̀pá láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó yẹ kí èékánná máa kọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá kàn ń yọ̀, pàápàá láàárín níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń kàn, irin lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Bó bá sì wá mú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti tún un gbẹ́, torí ó lè ti rú òfin. Àwọn tó ń ṣòfin eré yìí, R&A àti USGA, dín bí ìlà ṣe lè jìn àti bí etí rẹ̀ ṣe lè mú kù láti ọdún 2010. Wẹ́ẹ̀jì tó jùyẹn lọ lọ́jọ́ orí lè fa ọ̀rọ̀ níbi ìdíje ńlá, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ yín ní àárọ̀ Sátidé. Ìpẹtà lójú irin tí wọn ò fi nǹkan bò kì í ṣe àbùkù. Kò sì fi spin kún un bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ.

Igi rẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn irin yòókù nínú báàgì. Gíríìpù tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ tó ń làágùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó kékeré ni.

Ẹnjiníà ra 54. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ ti le, wọ́n pè mí lálẹ́ pé ọ̀pá náà ti ń ta sókè lọ́wọ́ àwọn, ṣé àwọn lè wá gbé 58 yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kí wọ́n gbé máákà wọn dání.